Dídá Lọ Mòòkùn ní Òkun Kàríbíánì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, London ni mò ń gbé. Mo ti pé ọmọ ọdún 39 kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo dá wọ bàálù lọ sí Barbados láti lọ mòòkùn, mo sì tún lọ sí Bonaire lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Látìgbà náà, ìbéèrè ò dá lẹ́nu àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo kó wọn jọ síbí kí gbogbo ẹni tó bá nílò wọn lè rí wọn kà. Bẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí: èèyàn lè dá rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ dá wọ abẹ́ òkun.

Ṣé kì í ṣe lílúwẹ̀ẹ́ náà lẹ̀ ń pè ní mímòòkùn?

Inú omi ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú omi ni òmùwẹ̀ wà. Amòòkùn ń lọ sísàlẹ̀, ó lè lo ìṣẹ́jú 40 tàbí 50 níbẹ̀, ó sì ń mí ní gbogbo àkókò yẹn. Àgbá tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ló ń fún un ní afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ́síjìn ló wà nínú àgbá yẹn. Rárá o, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí lójú títì náà ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi kì í mọ́nú àgbá. Rọ́bà kan gbé e wá sẹ́nu, ẹnu la sì fi ń mí in. Imú wà lábẹ́ awò ojú ìmòòkùn, tó bo ojú àti imú pa pọ̀.

Ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀kọ́ ni bí omi ṣe ń tẹni. Lórí ilẹ̀, ìwọ̀n kan ni afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá dé mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ó ti di méjì. Ní mítà 20, ó ti di mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúùnù ní mítà 10, tẹ́ ẹ so ó lẹ́nu, tẹ́ ẹ wá jẹ́ kó gòkè, á ti wú di ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóró wa. Ìdí rèé tí òfin tó ga jù lábẹ́ omi fi jẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ sé èémí rárá, pàápàá nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè bọ̀.

Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

Ẹ má gbàgbé ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ. Kí wọ́n tó fún yín níwèé ẹ̀rí, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 láìdúró, ẹ sì máa léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Wọn ò ní fi aago lé yín, ẹ lè máa wẹ̀ ẹ́ bí ìgbín. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí, ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní púùlù àdúgbò wa, láàárín àwọn ọmọdé tí mo lè bí. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró ju ẹ̀rù omi lọ.

Ẹni tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò lè san owó ọjọ́ kan: olùkọ́ á mú un wọlé, wọn ò ní kọjá mítà 12, olùkọ́ ò sì ní jìnnà sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́wò nìyẹn, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ìwé ẹ̀rí wo ni kí n gbà, níbo sì ni kí n ti gbà á?

PADI, ẹgbẹ́ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí ìmòòkùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, ni orúkọ tẹ́ ẹ máa rí jù. SSI àti NAUI náà wà. Ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Open Water. Ẹ máa ka ẹ̀kọ́, ẹ máa ṣe ti púùlù, lẹ́yìn náà ẹ máa mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú òkun tàbí adágún pẹ̀lú olùkọ́. Bẹ́ ẹ bá gbà á tán, ẹ lè lọ títí dé mítà 18, ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ ka ẹ̀kọ́ kẹ́ ẹ sì ṣe ti púùlù nílé, kẹ́ ẹ wá lọ ṣe mẹ́rin tó kù ní erékùṣù. Olùkọ́ tilé á kọ ìwé ìfiránṣẹ́ fún yín, ìwé náà á sì wúlò fún ọdún kan. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Àwọn tá a jọ kọ́ ọ ní púùlù tí wọ́n dúró ṣe tiwọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú kòtò òkúta tí omi kún ni wọ́n ti ṣe é, nínú òtútù, omi dúdú, wọn ò rí ju apá lọ. Èmi ṣe tèmi nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àǹfààní kejì ni pé ẹ̀rù tó bá máa bà yín, nílé lẹ máa ti pàdé rẹ̀, kò ní jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti sanwó họ̀tẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Olùkọ́ ní kí n kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ púùlù, kí n jẹ́ kí omi kún inú awò ojú mi, kí n wá fi imú fẹ́ ẹ jáde. Omi kàn mí nímú, ọkàn mi ní kí n mí, imú mi fà á, ni mo bá fò dìde sókè bí ẹni tí kòkòrò ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, olùkọ́ náà kọ́kọ́ ní kí n yọ awò náà kúrò pátápátá, kí n kàn jókòó, kí n máa fi ẹnu mí, kí n máa ka èémí mi dé ogún. Ìgbà tí mo kà á dé ogún, tí mo rí i pé mi ò kú, mo gbé awò náà sójú, mo tẹ òkè rẹ̀ mọ́ iwájú orí, mo wo òkè díẹ̀, mo fẹ́ imú. Omi náà jáde. Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ tiyín, tí èyí bá le, ẹ bẹ olùkọ́ yín kó jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó láìsí awò.

Ara mi ńkọ́? Ṣé mo gbọ́dọ̀ rí dókítà?

Wọ́n á fún yín ní ìwé ìbéèrè nípa ìlera. Ẹ má parọ́ níbẹ̀ torí owó tẹ́ ẹ ti san. Ásímà, àìsàn ọkàn, gìrì, iṣẹ́ abẹ etí tàbí àyà: dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Aláboyún kò gbọdọ̀ mòòkùn rárá. Nínú tiwa tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọ́pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ AS, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó; ẹni tó ní SS, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún un ni pé kó má wọlé.

Etí ló ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ di imú mú, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí etí lè là, bí ìgbà tí bàálù bá ń balẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kó tó dùn yín. Bó bá ti ń dùn yín, ẹ gòkè mítà kan, ẹ tún gbìyànjú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ má wọlé. Mo pàdánù ọjọ́ kan ní Bonaire báyìí, mo jókòó sétíkun, mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n etí mi ṣì ń gbọ́ràn.

Erékùṣù wo ló yẹ ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́?

Ẹni kọ̀ọ̀kan á sọ ibi tó mọ̀. Èmi á ní Barbados, ní Carlisle Bay, lẹ́bàá Bridgetown. Òkun náà rọrùn níbẹ̀ torí pé apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù ni, afẹ́fẹ́ líle láti Àtìláńtíìkì kì í tètè dé ibẹ̀. Òkú ọkọ̀ ojú omi mélòó kan wà nísàlẹ̀, wọn ò jìn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Berwyn, ọkọ̀ àwọn ará Faransé tó rì lọ́dún 1919. Ó jókòó sínú iyanrìn, oòrùn sì ń dé ara rẹ̀ dáadáa. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tó ti wà níbẹ̀, iyùn àti kànìnkànìn òkun ti bo irin rẹ̀ débi pé ẹ ò ní mọ ibi tí irin parí sí. Níbẹ̀ ni amọ̀nà wa ti fi ìka han mí ẹja kan tí orí rẹ̀ rí bí orí ẹṣin, tí kò gùn ju ìka mi lọ, tó fi ìrù dì mọ́ okùn kan. Mo kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i. Àwọn ìjàpá òkun náà wà, wọ́n ń jẹ koríko wọn láì bìkítà fún wa.

Bonaire ni èkejì. Abẹ́ Netherlands ló wà, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná, Papiamentu sì lèdè ìlú. Látọdún 1979 ni wọ́n ti fi òfin dáàbò bo omi tó yí erékùṣù náà ká. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé etíkun lẹ ti ń rìn wọlé: ẹ háyà mọ́tò, ẹ máa wo òkúta tí wọ́n kùn ní yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, orúkọ ibi ìmòòkùn wà lára rẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ san owó ìtọ́jú òkun, $40 fún ọdún kan nígbà tí mo lọ, yàtọ̀ sí owó orí àlejò tó jẹ́ $75; lẹ́yìn náà ni ilé ìmòòkùn á mú yín ṣe ìmòòkùn àyẹ̀wò kí wọ́n tó jọ̀wọ́ yín. Ẹ má fi nǹkan olówó iyebíye sílẹ̀ nínú mọ́tò, àwọn olè mọ̀ pé ẹ wà lábẹ́ omi.

Lọ́nà tó lọ sí gúúsù Bonaire, ẹ máa rí àwọn ahéré òkúta kékeré funfun tí kò ga tó èèyàn, níbi iyọ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó iyọ̀ ló ń sùn síbẹ̀. Àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1863 ni wọ́n sì fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Mo gbé àgbá kọ́ ẹ̀yìn níwájú ahéré wọ̀nyẹn, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo kọ́kọ́ wọnú ọ̀kan. Mo ní láti rákò kí n tó wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó wọ omi.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, Utila ní Honduras ni wọ́n mọ̀ sí ibi tí ẹ̀kọ́ ti dínwó, àwọn tó ń dá rìn sì pọ̀ níbẹ̀. Roatán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí òkìtì iyùn kejì tó gùn jù láyé. Cozumel ní Mexico rẹwà, àmọ́ ìṣàn omi ibẹ̀ lágbára. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní ìrírí díẹ̀. Ihò ńlá Belize tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, tó jìn ju mítà 100 lọ, kì í ṣe tiwa. Mítà 40 ni wọ́n sábà máa ń kó èèyàn dé níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wa ò kọjá 18.

Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?

Barbados àti Dominica kì í béèrè físà lọ́wọ́ wa bí a bá lọ fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ojú ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gba London kọjá, ẹ nílò físà ìkọjá, àní bẹ́ ò tiẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Amẹ́ríkà náà ń béèrè tiẹ̀. Bonaire ń béèrè físà Kàríbíánì tí Netherlands ń fúnni, kì í ṣe Schengen tẹ́ ẹ mọ̀. Mexico máa ń gba ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin wọ̀nyí máa ń yí padà, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni kẹ́ ẹ ti béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀, wọ́n lè béèrè rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ àti àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ẹni tó bá dá dé, òun ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè jù. Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi: ní Barbados, òfin kò gbà kí ará ìlú tàbí àlejò wọ aṣọ tó rí bíi ti sójà, ì báà jẹ́ ọmọdé. Ẹ fi ṣòkòtò yẹn sílẹ̀ nílé.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Láti December sí May. Ọjọ́ kìíní June sí ọjọ́ 30 November ni àsìkò ìjì hàríkéènì, August sí October ló sì ń le jù. Owó á wálẹ̀ nígbà náà, ẹ ó sì mọ ìdí. Wọ́n á sọ fún yín pé ìjì kì í sábà dé Barbados torí ó jókòó sápá ìlà oòrùn, òótọ́ sì ni díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní July 2024, ìjì Beryl gba gúúsù rẹ̀ kọjá, kò tiẹ̀ balẹ̀ síbẹ̀, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ apẹja. Carriacou ní Grenada ló wá fojú winá rẹ̀. Bonaire jìnnà sí ọ̀nà tí ìjì ń gbà, òun ló sàn díẹ̀ fún ẹni tí ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí September. Omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, bíi 26 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́ ti tó.

Èmi nìkan ni mò ń lọ. Ta ni ẹnìkejì mi lábẹ́ omi?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ sì gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀. Ẹnìkejì ni ẹni tó ń wo àgbá yín, tó ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ yín bá ń lọ, tó ní ẹnu rọ́bà kejì tó máa fún yín bí tiyín bá kọṣẹ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ kọ̀wé sí ilé ìmòòkùn ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ṣáájú. Ẹ sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ ti mòòkùn rí, ẹ má ṣe bù mọ́ ọn. Ẹ sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bọ̀. Ẹ béèrè: èèyàn mélòó ló ń tẹ̀ lé amọ̀nà kan? Ṣé amọ̀nà ń wọ omi pẹ̀lú yín àbí orí ọkọ̀ ló ń dúró? Ta ni ẹ ó fi mí tì? Ṣé ọ́síjìn ìtọ́jú wà lórí ọkọ̀? Ẹni tó bá dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkanra, ẹ bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá lágbára owó, ẹ sanwó amọ̀nà tiyín nìkan fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí owó tí mo ná lọ́nà yẹn tó dùn mọ́ mi tó o.

Bí wọ́n bá fi àlejò kan tì yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ yẹ ara yín wò: àgbá ṣí, òjé tó ń fà yín sísàlẹ̀ wà nídìí, ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tó ń gbé yín léfòó ń wú. Ẹ jọ tún àmì ọwọ́ wí. Èyí tó máa ń da àwa ọmọ Nàìjíríà láàmú ni àtàǹpàkò. Lórí ilẹ̀, bẹ́ ẹ bá nà án sókè, ohun gbogbo dára. Lábẹ́ omi, “ẹ jẹ́ ká gòkè” ló túmọ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì mi ní Barbados, amọ̀nà bi mí bóyá mo wà dáadáa, mo fi ayọ̀ na àtàǹpàkò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi gòkè! Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tó ṣe òrùka ni “mo wà dáadáa.” Ọwọ́ tó ń gé ọrùn ni “afẹ́fẹ́ mi ti tán.”

Ẹ máa wo aago afẹ́fẹ́ yín léraléra. 200 bar, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe kì nínú àgbá tó, lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, 50 gbọ́dọ̀ ṣì kù nígbà tẹ́ ẹ bá máa dé orí ọkọ̀. Ẹni tuntun máa ń tètè lo afẹ́fẹ́ tán ju àwọn tó ti pẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ sọ fún amọ̀nà ní 100.

Bí wọ́n bá ní kí n lọ síbi tó ju agbára mi lọ ńkọ́?

Ẹ kọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilé ìmòòkùn kan gba owó mi fún Carlisle Bay. Ìgbà tí mo dé orí ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n ní àwọn yòókù fẹ́ Stavronikita, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì lọ́dún 1978, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 40. Wọ́n ní kí n ṣáà tẹ̀ lé wọn, pé orí rẹ̀ ni a máa wà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo ti mòòkùn láyé mi. Ojú ń tì mí láàárín àwọn mẹ́jọ tí ara wọn ti yá gágá, àmọ́ mo ní mi ò lọ. Mo jókòó sórí ọkọ̀ pẹ̀lú atukọ̀ fún wákàtí kan, wọn ò sì dá owó mi padà. Lọ́jọ́ kejì mo wá ilé míì. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, nígbàkigbà, láìṣàlàyé ìdí. Òfin àwọn amòòkùn nìyẹn jákèjádò ayé, àwọn tó kọ́ yín sì gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún yín.

Irun mi ńkọ́?

Ìbéèrè tí àwọn ìwé àwọn òyìnbó kì í dáhùn. Wíìgì, ẹ fi sílé. Irun dídì tó rọ̀ mọ́ orí ló dáa jù, kó má sì sí ẹyọ kan níwájú orí lábẹ́ rọ́bà awò, torí fọ́nrán irun kan tó fún omi láti máa jò wọlé. Braid tó nípọn máa ń jẹ́ kí okùn awò yọ̀. Ẹ ra ìbòrí aláṣọ tí wọ́n ń fi bo okùn náà, kì í fa irun tu. Mo máa ń fi omi lásán rin irun mi, mo ń fi òrí pa á kí n tó wọ òkun, kí iyọ̀ má bàa gbẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin onírùngbọ̀n, ẹ fá abẹ́ imú díẹ̀ kí awò lè rí ara lẹ̀ mọ́.

Èló ni, kí ni kí n sì rà?

Ìmòòkùn méjì lórí ọkọ̀ láàárọ̀ kan máa ń tó $100 sí $150 ní ọ̀pọ̀ erékùṣù, yàtọ̀ sí owó ọwọ́ tẹ́ ẹ máa fún amọ̀nà. Ní Barbados, dọ́là tiwọn méjì ló jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan, ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń wí kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹni tó dá lọ ló ń san owó yàrá ẹni méjì. Ilé àlejò kékeré sàn ju họ̀tẹ́ẹ̀lì ńlá lọ.

Awò ojú nìkan ni kẹ́ ẹ rà, torí ojú ò jọra. Bẹ́ ẹ bá ń lo gíláàsì, wọ́n lè fi lẹ́ńsì yín sínú rẹ̀. Ẹ háyà ìyókù. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra kọ̀ǹpútà ọwọ́ tó ń ka bẹ́ ẹ ṣe jìn tó àti bẹ́ ẹ ṣe pẹ́ tó.

Ẹ má lọ láìní ìnṣọ́ránsì ìmòòkùn. Ti ìrìn àjò lásán lè yọ ìmòòkùn kúrò. DAN ni ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ amòòkùn ń lò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, yàrá ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tẹ ara ni wọ́n máa gbé yín lọ, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bàálù sì lè jẹ́ ohun tó máa gbé yín débẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ní èèyàn ò gbọdọ̀ wọ bàálù lẹ́yìn ìmòòkùn?

Náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń wọ ara wa lábẹ́ omi nítorí bí omi ṣe ń tẹ̀ wá. Bí a bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń jáde ní ìrọ̀rùn. Bí a bá sáré gòkè, á hó nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgò Kóòkì tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, tí a sì ń dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Nínú bàálù, afẹ́fẹ́ ò tẹ̀ wá tó ti orí ilẹ̀, èyí tó kù lára lè tún hó. Ẹ dúró fún wákàtí 12, ó kéré tán, lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ fi mòòkùn, wákàtí 18. Èmi ń fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀. Mo lo tèmi ní Oistins, ìlú àwọn apẹja ní Barbados, mo jẹ ẹja yíyan.

Ẹja ekurá ńkọ́?

Ẹ lè rí ekurá tó ń sùn lórí iyanrìn. Kì í wá ìjà. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣé mo lè mú iyùn díẹ̀ bọ̀?

Rárá, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun alààyè ni. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń gbé e wá látijọ́, ẹ̀yà mìíràn ni. Èyí tó wà ní Kàríbíánì, ilé ẹja ni. Ooru òkun tó pọ̀ jù ń sọ ọ́ di funfun, àìsàn kan tó ń jẹ ara iyùn sì dé Bonaire lọ́dún 2023. Mo rí ọ̀kan tó tóbi bí orí màlúù, ìdajì rẹ̀ ní àwọ̀, ìdajì ti kú, ààlà rẹ̀ hàn kedere bí ìgbà tí wọ́n fá a. Wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti fòfin de ìpara oòrùn tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní oxybenzone. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.

Kúbà ńkọ́? Mo gbọ́ pé Yemọja wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Yemayá ni wọ́n ń pè é, aṣọ búlúù àti funfun ni wọ́n ń wọ̀ fún un, ní Regla, lódìkejì omi ní Havana, lọ́jọ́ 7 oṣù September lọ́dọọdún. Ní ti ìmòòkùn, María la Gorda ní ìwọ̀ oòrùn wà lára ibi tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ẹ mọ̀ pé káàdì báńkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti pé ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tó bá lọ sí Kúbà ní láti gba físà gidi kó tó lè lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Mo ṣì ń fowó pamọ́ fún ìrìn àjò yẹn.

Màmá mi ò gbà. Ó ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Tèmi náà ò gbà. Mi ò bá a jiyàn, torí òótọ́ ló ń sọ: ẹni tó gbójú lé pé òun mọ̀ ọ́n ni omi ń gbé. Mo jókòó tì í lórí fídíò, mo fi àgbá àti ẹnu rọ́bà méjèèjì hàn án, mo ní èkejì yìí, ti ẹlòmíì ni. Mo fún un ní orúkọ ilé ìmòòkùn, nọ́ńbà fóònù wọn, àti aago tí mo máa jáde lójoojúmọ́. Aago kan ọ̀sán ní Barbados, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni n'Íbàdàn. Mo sọ fún un pé mi ò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, fóònù mi á ti máa dún nínú báàgì.

“O ti jáde nínú omi?”

“Mo ti jáde, mà.”

“Ẹnìkejì ẹ ńkọ́?”